Akọ̀wé Kọ́ Ni Wọ́n

Ta ló ní ẹni tó ń gbé ìpè 911 kì í ṣe òṣìṣẹ́ pàjáwìrì? Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni o! Láti 1968 tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe 911 ní Haleyville, ní Alabama, làwọn èèyàn yìí ti wà nídìí fóònù tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, nínú ìwé tí ìjọba fi pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí lọ́dún 2018, àárín àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni wọ́n tò wọ́n sí. Ọlọ́pàá àti panápaná wà lọ́tọ̀.

Akọ̀wé wo ló ń kọ́ ìyá bó ṣe máa tẹ àyà ọmọ ẹ̀ kí áńbúláǹsì tó dé? Akọ̀wé wo ló ń gbọ́ ìró ìbọn lórí fóònù, tí kò sì gbọdọ̀ pariwo?

Àwọn kan á ní orúkọ lásán ni. Irọ́! Orúkọ ń roni. Ẹni tẹ́ ẹ pè ní akọ̀wé, tó fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ igbe ikú, ta ló máa bi í bóyá ó ń rí oorun sùn?

Texas ti kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ pàjáwìrì lọ́dún 2019. Kí ni ìjọba àpapọ̀ ń dúró dè? Béèyàn bá ké “Ẹ gbà mí o!”, àwọn ló ń kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.