Lhasa Kì í Ṣe Báàgì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá, kí ẹni tó máa bú mi lè tètè bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra Lhasa Apso ní Ìṣẹ̀rí-Olófin yìí, àti ní Ìdímù, Ìkọ̀tún, títí dé Ẹgbẹ́dá, kò yẹ kí wọ́n rà á. Fọ́tò ni wọ́n fẹ́. Wọ́n fẹ́ ajá kékeré onírun gígùn tí wọ́n lè gbé sí itan nínú mọ́tò, kí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí, kí wọ́n kọ "ọmọ mi" sábẹ́ rẹ̀ lórí Instagram. Fọ́tò ò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá kì í pẹ́ dàgbà, adùn fọ́tò yẹn kì í sì í ju oṣù mẹ́fà lọ. Ajá náà fúnra rẹ̀ lè lo ọdún 12 sí 15 láyé. Ta ló máa tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ọdún tó kù?

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Lhasa ni olú-ìlú Tibet, ìlú orí òkè tó fi mítà 3,600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ojú òkun lọ. Ọyẹ́ tó ń mú wa wọ súwẹ́tà ní ìparí ọdún, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù ibẹ̀. Irun ajá yìí bá òtútù yẹn mu: ìpele méjì ni, ti òkè le, ó wúwo, ó sì gùn délẹ̀, ti abẹ́ rọ̀. Iṣẹ́ sì ni wọ́n fi ajá náà ṣe. Ajá ńlá, ìyẹn Tibetan Mastiff, ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà níta. Lhasa ní tirẹ̀ ń gbé inú ilé, lọ́dọ̀ àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà àti àwọn ọlọ́lá, etí rẹ̀ á là sílẹ̀. Bí àjèjì bá rọ́nà gbà kọjá lára ajá ńlá tó wà níta, kékeré inú ilé á gbó, á jí gbogbo ilé. Ní 1933, Dalai Lama kẹtàlá fi akọ kan àti abo kan ta ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Suydam Cutting lọ́rẹ. Ní 1935, American Kennel Club gba ìran ajá náà wọlé.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀ṣọ́ ni? Kò ga ju nǹkan bí ínǹṣì 11 lọ, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ààfin ni. Ó fẹ́ràn olówó rẹ̀ gan-an. Àjèjì, á kọ́kọ́ wò ó lókè wò ó nílẹ̀. Olóríkunkun sì ni. O lè ní kó jókòó, kó máa wò ọ́ bí ẹni tó ń rò ó bóyá àṣẹ yẹn bọ́gbọ́n mu. (Èmi fẹ́ràn ìwà yẹn, kí n má purọ́.) Kí ló wá dé tí a fi ń gbọ́ pé "ajá yìí burú, ó ń gbó tọ̀sán-tòru, ó gé ọmọ lanlọ́ọ̀dù jẹ"? Inú ilé oníyàrá méjìlá tó dojú kọ ara wọn lo gbé e wá. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gba kọ́rídọ̀ kọjá, àjèjì ni létí rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìwọ lo gbé e síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ti lè parí.

Ohun tó máa ń tù ú lójú ni kó ti mọ ènìyàn láti kékeré, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí wọ́n bí i: ọmọdé, àgbà, ariwo jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́ Márùwá. Ibo ni ọ̀pọ̀ Lhasa àdúgbò wa wà ní gbogbo ìgbà yẹn? Nínú kéèjì, lórí bálíkónì.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ bálíkónì yẹn. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ìwọ̀nba òógùn díẹ̀ ló ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Mímí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n síta, ni fáànù tí Ọlọ́run fún un. Wá gbé irun Tibet lé e lára, tì í mọ́ abẹ́ páànù lóṣù kẹta, kí NEPA mú iná lọ, kí omi inú abọ́ rẹ̀ gbóná bí omi ìwẹ̀. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Irun náà, bí o ò bá yà á lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì, á dì bíi dàda. Lábẹ́ ibi tó dì yẹn, ara á máa rin, á máa bó, eégbọn á kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí òórùn bá wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pe ẹnì kan tó ní kílípà, ẹni yẹn á fá ajá náà kodoro, oòrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó awọ ara tí kò rí oòrùn rí. Ẹ gé irun náà mọ níwọ̀n, ẹ má fá a dé awọ. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ẹ gbẹ ẹ́ títí kan inú etí.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Irun ò gbọ́dọ̀ máa gún un lójú. Ẹ dì í sókè tàbí kí ẹ gé e. Àìsàn ojú gbígbẹ wọ́pọ̀ nínú ìran ajá yìí: omijé á dínkù, ipin tó nípọn á máa yọ. Àwọn kan á fi ìdí aṣọ nù ún lójoojúmọ́, wọ́n á ní oorun ló ń kùn ún, títí ojú á fi fọ́. Ipin tó ń yọ lójoojúmọ́, dókítà ẹranko ló ni ín.

Mo bá ọmọkùnrin kan pàdé lẹ́bàá títì níbí, ó kó ọmọ ajá mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Lhasa ni o, pure ni, kò lábùlà."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ìyá wọn wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n á ti tó oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n."

"Káàdì abẹ́rẹ́ wọn dà?"

"Wọ́n ti gún wọn. Ẹ má mikàn. Ẹ wo eléyìí bó ṣe ń sùn, jẹ́jẹ́ ló wà."

Mo wò ó. Ọ̀sán gangan, lábẹ́ oòrùn, ọmọ ajá tó yẹ kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà sí ìrù dùbúlẹ̀ bí àkísà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé ọmọ tí kò ṣeré lọ́sàn-án, ara rẹ̀ ò yá. Ọmọ ajá ò gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn ò sì jọ ẹni tó pé bẹ́ẹ̀. Àìsàn parvo, tó ti ń pa ọmọ ajá káàkiri ayé láti 1978, èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, irú wọn ló máa ń kọ́kọ́ mú. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Èmi ò bá ọmọkùnrin yẹn jà, oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Ọ̀gá rẹ̀ ni mo ń bá wí, ẹni tó ní ajá abo kan tó ń bímọ lera-lera láìsinmi, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà fojú kan ìyá náà.

Àwọn àgbà kan á gbọ́ eléyìí, wọ́n á ní, "Ṣebí a ti sọ fún yín, ajá nínú ilé, ìwà òyìnbó." Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá wa, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Lórí ilẹ̀ Àwórì la dúró sí. Ìtàn tí àwọn Àwórì ń sọ ni pé ọdẹ ni Ògúnfúnminire tó ti Ifẹ̀ wá tẹ Ìṣẹ̀rí dó, òun ni Olófin tí ìlú ń jẹ́ mọ́. Ta ni ọdẹ tí kò lájá? Ta ló gba ọdẹ sílẹ̀ nínú àlọ́, bí kì í ṣe Ògbálẹ̀gbáràwé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Àwọn baba wa a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ. Wọ́n á pe ajá ní Táńtólọ́run, kí aládùúgbò tó ń fọ́nnu lè gbọ́ tirẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń pe ajá wá jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún ń fi ajá bọ Ògún, mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ajá, wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ajá tí a rà láìmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí a so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹn gan-an ni tuntun.

Èyí tó tún ń dùn mí ni ajá ilé, tí a sọ di ẹni ẹ̀gàn tí a ń pè ní Bíńgò. Irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nà, ooru wa ò ṣàjèjì sí i. Ní 1937, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ajá kan láti Kóńgò lọ síbi ìfihàn Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù: irun kúkúrú, etí nínà, ìrù kíká. Èrò rọ́ lọ wò ó. Basenji ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi owó gidi rà á títí dòní. Bí wọ́n bá mú un wá sí ẹ̀yìnkùlé yín lálẹ́, ẹ ó sọ ọ́ lókò.

Dìgbòlugi ní tirẹ̀ ò mọ Lhasa yàtọ̀ sí Bíńgò. WHO sọ pé ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń là á já. Ajá tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ ṣe. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbé epo pupa yẹn sílẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ èsì: "Owó mi ni, kí ló kàn ẹ́?" Owó rẹ ni lóòótọ́. Ajá tó máa fọ́ lójú, ọmọ aládùúgbò tó máa jẹ nínú eyín rẹ̀, wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí o ń sanwó. "Ṣé kí àwọn tó ń tà á wá pebi kú ni?" Rárá. Kí wọ́n máa tà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, pẹ̀lú káàdì, kí oníbàárà sì rí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró. Ó máa wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó wọ́n.

Ìwọ tí ọkàn rẹ ṣì wà lára Lhasa, gbìyànjú eléyìí kí o tó sanwó. Fún oṣù kan, jí láago márùn-ún ààbọ̀, jáde rìn fún ogún ìṣẹ́jú, padà wá jókòó pẹ̀lú òòyà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o tó máa lọ wọ dánfó. Ya owó oúnjẹ àti owó dókítà sọ́tọ̀, má sì fọwọ́ kàn án. Bí oṣù bá pé tí kò tíì sú ọ, lọ bá ẹni tó ń tà á, kí o ní ìyá ọmọ ajá lo fẹ́ kọ́kọ́ rí.