Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Onífèrè Alpha!

Láti 1964 tí àwọn Skatalites, ẹgbẹ́ olórin ska, ti kóra jọ ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà, títí di òní, ijó ska kò kúrò lẹ́sẹ̀ aráyé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ orin Jàmáíkà, orúkọ Bob Marley ni tọmọdé tàgbà ń pè, kò sì burú. Àmọ́ nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wailers, kọ orin Simmer Down sínú àwo, ta ló ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn? Skatalites ni. Níbo sì ni àwọn onífèrè yẹn ti kọ́ṣẹ́? Alpha, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn ọmọ tí apá òbí ò ká! Ẹ̀yin ọmọ Alpha, ẹ̀yin gan-an ni mo wá kí.

South Camp Road ní Kingston ni Alpha wà. Jessie Ripoll ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1880, kí àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà tó gbà á tọ́jú. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin níwèé, wọ́n ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán, iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ ọgbà. Ṣùgbọ́n báńdì wọn, háà! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìtàn bí Johnny Moore ṣe dé Alpha ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Orin ń wu ọmọ yìí, àwọn òbí rẹ̀ ò fẹ́. Ó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ni ní fèrè ní Alpha, ó sì gbọ́ pé ọmọ tó bá ya ìpátá ni wọ́n máa ń kó lọ síbẹ̀. Ló bá mọ̀ọ́mọ̀ ya ìpátá! Ó ṣe é, ó ṣe é, títí wọ́n fi mú un lọ. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún, òun ló ń wá ọ̀nà débẹ̀, kàkàkí ló sì gbé jáde. Òun, Tommy McCook, Lester Sterling àti Don Drummond, ọ̀gá nídìí trombone, ọmọ Alpha ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá Skatalites sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n júbà Sísítà Mary Ignatius Davies. Ó dé Alpha ní 1939, kò sì fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ títí tó fi kú ní 2003. Sísítà tó ń gbé àwo sórí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ, tó tún ń kọ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn! Ẹ dákun, irú Sísítà wo nìyẹn?

Ẹgbẹ́ Skatalites ò pẹ́ kó tó túká, 1965 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà kóra jọ ní 1983. Àmọ́ orin ska ti kọjá òkun. Rico Rodriguez, tí Drummond kọ́ ní trombone ní Alpha, ti wọ Ìlú Ọba ní 1961. Ní 1979, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Specials láti Coventry gbé orin A Message to You Rudy jáde, fèrè rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ẹsẹ̀ á kanlẹ̀, bó bá ṣe gbéra ni gìtá á dá a lóhùn, ṣáká, ṣáká!

Wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ ní fèrè ní Alpha. Ìwọ tó o jókòó síbẹ̀ lónìí, tí kàkàkí ti mú ètè rẹ wú, kú iṣẹ́ o. Máa fọn ún lọ.