Oògùn inú ìgò fún ọkọ̀ tó ti gbó: ta ló ń jèrè, ta ló ń san gbèsè rẹ̀ ní Lomé?

Amoutivé jẹ́ àdúgbò àtijọ́ ní àárín Lomé, níbi tí ìdílé Adjallé ti ń jẹ oyè. Bíi ti àwọn àdúgbò tó yí i ká, takisí tó ti dàgbà kì í wọ́n níbẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀bá títì náà kì í sì í wọ́n. Rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, owó òmíràn kò sí nílẹ̀, mẹkáníìkì á sì ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká da oògùn sí i ná." Ìgò kékeré kan ni. Wọ́n á dà á sínú omi rédíétọ̀, wọ́n á tan ẹ́ńjìnì, jíjò á dúró, ọkọ̀ á sì padà sójú títì kí ilẹ̀ tó ṣú.

A kò ní parọ́ mọ́ oògùn yìí: ó ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ General Motors fúnra rẹ̀ fi irú rẹ̀ sínú omi rédíétọ̀ àwọn Cadillac tó ní ẹ́ńjìnì Northstar, kí ọkọ̀ náà tó dé ọwọ́ oníbàárà rárá. Àwọn àgbà awakọ̀ tiwa náà sì mọ ìwà yìí tipẹ́. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń dí tánkì epo tó bá ń jò. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, nígbà tí jíjò bá dúró, níbo ni wàhálà rẹ̀ gbà lọ?

Ọ̀pọ̀ oògùn rédíétọ̀ ní èèrún tàbí fọ́nrán kéékèèké tó ń bá omi rìn, tó sì ń kó jọ síbi tí omi ti ń jò. Èèrún yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ihò tó yẹ kó dí àti ihò tí omi gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń bu kúláǹtì gidi sí, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogún ọdún tó ti ń mu omi ẹ̀rọ lásán láti ọjọ́ pípẹ́ ti ní ìpẹtà nínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín rédíétọ̀ kí oògùn tó dé bá a. Oògùn á lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, ọ̀nà omi á há, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Jíjò tí ẹni tó ń jó irin ì bá fi owó díẹ̀ tún ṣe, bí rédíétọ̀ náà bá jẹ́ ti bàbà, á wá di gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì tó jó.

Tí ọ́ìlì yàtọ̀. Oògùn tiẹ̀ ń mú kí rọ́bà tó ti gan nítorí ọjọ́ orí rọ̀, kó sì wú díẹ̀. Ó dára bí rọ́bà bá kàn gan. Bí ó bá ti ya, owó ṣòfò. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ́ńjìnì ló yẹ kí onímọ́tò àtijọ́ bẹ̀rù jù. Ẹ́ńjìnì tí wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò ti kó ìdọ̀tí dúdú bí ọ̀dà jọ. Oògùn á ṣí ìdọ̀tí náà lẹ́ẹ̀kan náà, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ńpù ọ́ìlì fi ń mu, ẹ́ńjìnì á sì máa yí láìsí ọ́ìlì. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà jò. Síbẹ̀ àwọn kan ń da oògùn tó ń dí àti oògùn tó ń là sínú ọkọ̀ kan náà láàrin oṣù kan.

Ìtàn kan láti Amẹ́ríkà yóò là wá lóye. Ní 2009, ìjọba wọn san owó fún àwọn tó bá fi ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ láti ra tuntun, òfin sì ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtijọ́ náà kó má bàa padà sójú títì. Wọ́n á fa ọ́ìlì rẹ̀ jáde, wọ́n á da sodium silicate sí i dípò, wọ́n á sì tan ẹ́ńjìnì títí yóò fi gan. Sodium silicate yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà fún gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì. Inú omi ni wọ́n ní kí a dà á sí. Ṣùgbọ́n bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti ya débi pé omi àti ọ́ìlì ń pàdé, oògùn náà ti rí ọ̀nà dé ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà dà á sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun àwa jù ni ọjà tòkunbọ̀. Awakọ̀ tó da oògùn sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò ní sọ. Ọ̀kan nínú wa ra ọkọ̀ kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi jò. Nígbà tí wọ́n tú rédíétọ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ló kún inú rẹ̀, owó tó ná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́ta iye tó fi ra ọkọ̀.

Ṣé òfin lè gbà wá? Àjọ UNEP sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí òkè òkun láàrin 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Lọ́dún yẹn kan náà, ECOWAS fẹnu kò pé ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá ń kó wọlé kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ, ọkọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 10 lọ, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 10 láti bá a mu. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ẹrù tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté Lomé ń lọ sí Burkina Faso, Niger àti Mali, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní 2025. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnu ibodè ni òfin náà ń wò. Kò sọ ohunkóhun fún takisí tó ti wà nílùú.

Epo náà kò ràn wá lọ́wọ́. Láti 1995 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí oògùn tó ń fọ ẹ́ńjìnì wà nínú bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ní Lomé, ọ̀pọ̀ ló ń ra boudè, epo fàyàwọ́ tó ti inú jẹ́ríkàn dé inú ìgò lẹ́bàá títì, wọ́n á wá tún fi owó mìíràn ra ìgò oògùn tí yóò fọ ohun tí epo náà bà jẹ́. Àwọn tó ń ra epo ní ilé epo náà kò bọ́ pátápátá: ẹ rántí oṣù Kejì 2022 ní Nàìjíríà, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilé epo.

Ohun tí a rò pé ìjọba Togo lè ṣe láìná owó púpọ̀ ni kó pọn dandan fún ẹni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù láti kọ ọ́ sínú ìwé bí ó bá ti da oògùn tó ń dí jíjò sí i, kó sì gba owó padà fún ẹni tó rà á bí ó bá parọ́. Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní Lomé, kó lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnì. Ìgbà tó bá tutù ni kó ṣí ìdérí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, kó ti ìka bọ ẹnu rẹ̀: ẹrẹ̀ tàbí èèrún tó ń dán ní ìtumọ̀. Kó wo ọ́ìlì bóyá ó funfun bíi mílíìkì. Lẹ́yìn náà kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kó sì dúró tì í.