Iṣẹ́ Ohun Ni Kí A Fi Sọ Ọ́ Lórúkọ

Àwọn kan gbà pé èdè Yorùbá kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé láìyá ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó wọ́n wa bí kò ṣe ìlànà ìsọnilórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi wáyà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ òfuurufú kékeré ṣe àpẹẹrẹ.

Ariwo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé awakọ̀ àti ẹni tí ó jókòó tì í kì í gbọ́ ara wọn dáadáa, àfi bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ ìbotí tí gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì méjì ni ó sábà máa ń ní. Èyí tí ó nípọn, 6.35 mm, ni ti etí. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, nǹkan bí 5.2 mm, ni ti ẹnu. Apá mẹ́ta ni ti ẹnu yìí ní. Ṣóńṣó rẹ̀ ni ti bọ́tìnnì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ó tó bá àwọn tí ó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Òrùka àárín ni ó ń gbé ohùn. Ìdí rẹ̀ sì ni iná ń gbà padà. Bí a bá gbé wáyà ṣóńṣó fún òrùka, rédíò kò ní gbé ohùn jáde bí ó ti yẹ.

Apá kẹta yìí ni ìṣòro wà. Orúkọ tí ó túmọ̀ sí 'ilẹ̀' ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Bí olùkọ́ bá tú u sí 'wáyà ilẹ̀', akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé ilẹ̀ wo ni ó wà lójú sánmà. Ó sì lè rò pé ibikíbi lára irin ọkọ̀ ni òun lè so ó mọ́. Bí a bá so ó níbi ihò púlọ́ọ̀gì, tí a tún so ó nídìí rédíò, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ọkọ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ohùn, awakọ̀ sì lè ṣi àṣẹ gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń fi wọ́ṣà tí kì í gbé iná ya ihò náà sọ́tọ̀ kúrò lára irin. Bí a bá pè é ní 'wáyà àbọ̀', orúkọ náà ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ohùn gbà bọ̀.

Alátakò lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn awakọ̀ ń sọ láàrin orílẹ̀-èdè, àti pé láti 2008 ni àjọ ICAO ti ń béèrè pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n kan. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èdè tí a ń sọ nínú rédíò yàtọ̀ sí èdè tí a fi ń lóye bí a ṣe so rédíò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí ẹ tó túmọ̀ orúkọ ohun-èlò kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu a máa ṣi ọwọ́ oníṣẹ́ lọ́nà.