Kí a tó yin àbẹ̀wò ilé, ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n wò

Ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, bíbẹ abiyamọ wò kì í ṣe ohun tuntun. Lónìí, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, a ń san owó fún àwọn tí ń ṣe é, kí àwọn òbí tí ó kéré ní ọjọ́ orí má baà fi ìyà jẹ ọmọ wọn tàbí kí wọ́n pa á tì. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èrò rere kì í ṣe ẹ̀rí.

Báwo ni a ṣe ń rí ẹ̀rí? Ní ìlú Elmira, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1978, David Olds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 400 aboyún jọ. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín wọn. Àwọn olùtọ́jú aláìsàn ń bẹ apá kan wò nílé, láti ìgbà oyún títí ọmọ fi pé ọdún méjì. Wọn kò bẹ apá mìíràn wò. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 15, ẹ̀sùn ìfìyàjẹ ọmọ tí ìjọba fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn tí a bẹ̀ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ìjà pọ̀ sí láàrin ọkùnrin àti obìnrin, àǹfààní náà kò hàn. Ní Hawaii, níbi tí àwọn olùbẹ̀wò kì í ṣe olùtọ́jú aláìsàn, ìfìyàjẹ ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Nítorí náà, orúkọ iṣẹ́ lè jọ ara wọn, kí èso wọn má jọra.

Àwọn kan lè sọ pé ìkà ni láti fi apá kan sílẹ̀ láìbẹ̀ wọ́n wò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá tó gbogbo ilé, kèké kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìkà gan-an ni kí a máa ná owó ìlú lọ́dọọdún, kí ọmọ sì máa jìyà síbẹ̀, láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Iye ìgbà tí àgbẹ̀ lọ sí oko kọ́ ni a fi ń mọ ìkórè. Inú àká ni a ń wò. Bí ẹnìkan bá wí fún yín pé òun ti bẹ ọ̀pọ̀ ilé wò, ẹ bi í pé: ǹjẹ́ ìyà ọmọ dín kù? Àwọn wo ni ẹ fi wọ́n wé? Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ní kí ó fi àkọsílẹ̀ hàn yín.