Igbó Hollywood: Ojú Pọ̀, Ohùn Ṣọ̀wọ́n

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe sinimá igbó ní Hollywood dá fún Áfíríkà láàárín 1932 sí 1960. Síbẹ̀, àwọn agbejà wọn kò tán.

Àwíjàre àkọ́kọ́ wọn ni pé eré lásán ni. Edgar Rice Burroughs, tí ó dá Tarzan sílẹ̀ ní 1912, kò fi ẹsẹ̀ kan Áfíríkà rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ MGM gbé Tarzan ti Johnny Weissmuller jáde ní 1932, California ni púpọ̀ nínú igbó rẹ̀ wà, erin Íńdíà ni wọ́n sì lẹ etí ńlá mọ́ kí ó lè jọ ti Áfíríkà. Ẹni tí ó ṣe wàhálà tó báyìí lórí etí erin, tí kò bìkítà nípa ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn, ti fi ohun tí ó kà sí hàn.

Àwíjàre kejì ni ó lágbára jù: pé nǹkan yí padà láti 1950. Lóòótọ́, Áfíríkà ni wọ́n ti ya King Solomon's Mines tí ó jáde lọ́dún náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pọ̀ nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Oscar. Ní 1951, Dorothy Dandridge, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ọbabìnrin nínú Tarzan's Peril. Ní 1957, Orlando Martins, ọmọ Èkó tí a bí ní 1899, ṣe olórí ìlú nínú Tarzan and the Lost Safari. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí ṣe? Ọbabìnrin ń retí kí Tarzan wá gba òun là. Ìlú tí ń fi ènìyàn rúbọ ni ọmọ Èkó jẹ olórí fún. Ẹ̀bi kò sí lára òṣèré. Ipa tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n gbà. Àwọn tí ń ru ẹrù tẹ̀lé òyìnbó kò sì lè di ẹ̀dá ìtàn nítorí pé wọ́n pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igbó ni ó fa ìdákẹ́ náà. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn Tarzan ti Weissmuller, ní 1938, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ẹ̀rù kún inú igbó yẹn bámúbámú. Síbẹ̀, àwọn ògbójú ọdẹ ibẹ̀ ní orúkọ, ìwà ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Àní iwin pàápàá ń fọhùn, ó ń ro ẹjọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò bá bi léèrè nípa ìfìwàwẹ̀dá, kí ó má ṣe ka orí. Kí ó wádìí: ta ni ó ní orúkọ? Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, èdè ta ni ó sì ń sọ? Ta ni a lè yọ kúrò tí ìtàn kò ní yẹ̀? Olùkọ́ tí ó bá ń fi ìbéèrè wọ̀nyí kọ́ni ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹnu ẹnìkejì nínú ẹjọ́ tí Hollywood ti dá tipẹ́.