Ẹ Jẹ́ Kí Omi Dé Nguru

Ẹ̀yin ará, n kò ní í fi àkókò yín ṣòfò lórí pé adágún Nguru ń rù. Ẹni tí ó bá ti kọjá Kánò dé ibi tí ojú irin Èkó parí sí ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní ọdún 2000 ni a fi adágún náà àti ipa odò Marma, hẹ́kítà 58,100 lápapọ̀, sábẹ́ àdéhùn Ramsar tí ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. A fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n omi kò mọ̀wé. Ọ̀dá jẹ̀bi díẹ̀. Dáàmù Tiga tí a parí ní 1974 àti ti Challawa tí ó tẹ̀lé e ní 1992 ni ó fún odò Hadejia, tí ń gbé omi wá fún adágún náà, lọ́rùn. Ìyẹn ti tó.

Èyí tí ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá kan ń fi ẹ̀rín sọ: "Ṣé ẹyẹ ni a ó máa bọ́, nígbà tí ebi ń pa ènìyàn?" Ta ni ó sọ fún wọn pé omi ẹyẹ yàtọ̀ sí omi ènìyàn? Omi tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí àkọ̀ ọlọ́rùn gígùn ń dúró tì, tí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ òyìnbó ń torí rẹ̀ fò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá nígbà òtútù, òun kan náà ni apẹja ń dẹ àwọ̀n sí, tí Fúlàní ń da màlúù lọ bá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ń rin ilẹ̀ tí kànga fi ń sun, tí ó sì ń fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún àgbẹ̀ fàdámà bí ó bá fà. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ti Nguru ń sọ fún ènìyàn, àwa ni a di etí.

Omi dáàmù tí ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, tí kì í kún kí ó sì fà mọ́, ni ìfèèfèé tí Haúsá ń pè ní kachalla ń fẹ́. Ó ga ju ènìyàn lọ. Ọlọ́kọ̀ yóò fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, ọ̀pá á há, ọkọ̀ kò ní sún mọ́. Ibẹ̀ ni jan baki, ẹyẹ ẹlẹ́nu pupa tí í ṣe ìbátan ẹ̀gà, ń wọ̀ sí lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ya bo oko jéró, ọmọdé á máa fi kànnàkànnà lé wọn títí apá rẹ̀ yóò fi kú. Ẹni tí ó ní òun kò bọ́ ẹyẹ ni ó ń bọ́ ẹyẹ! Èyí tí kò ṣe wá ní nǹkan ni a lé lọ, a wá kọ́lé fún olè.

Ẹnikẹ́ni kò ní kí a wó dáàmù: Kánò ń mu nínú rẹ̀, oko Kadawa ń mu nínú rẹ̀. Àsìkò ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí a ṣí ilẹ̀kùn omi ní oṣù kẹjọ, nígbà tí odò fúnra rẹ̀ ń kún, kí àkúnya lè tẹ́ sórí fàdámà. Kí a sì ké sí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí omi má baà bá wọn lójú oorun. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí a dín omi tí ń ṣòfò kù, kí gbòǹgbò kachalla rí òǹgbẹ. Bákan náà, kí a gé èyí tí ó ti dí ipa odò. Kí a fòfin de àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Kí a san owó àwọn ọlọ́dẹ adágún náà. Kí a má fọwọ́ kan dáàmù Kafin Zaki tí wọ́n ń gbèrò láti kọ́, láìbi àwọn ará ìsàlẹ̀ odò léèrè.

Oṣù kẹjọ ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù lórí ilẹ̀kùn omi yẹn, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà.